Tíréè fún búkà àti ilé oúnjẹ: bí ẹ ṣe máa yan èyí tó máa gbé ẹrù yín

Inú ilé ìdáná yín ni ẹ ti máa yan tíréè, kì í ṣe ní ìsọ̀ ẹni tó ń tà á. Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ ló ń fi ẹ̀yìn èyí síwájú. Wọ́n á dé Ìdúmọ̀tà tàbí Dùgbẹ̀, wọ́n á rí èyí tó ń dán gbinrin, wọ́n á ra dọ́sìnnì méjì. Ìgbà tí wọ́n bá délé ni wọ́n á tó rí i pé àwo ẹ̀bà àti abọ́ ọbẹ̀ kò lè jókòó sórí ẹ̀ pọ̀, tàbí pé àárín ẹ̀ ń tẹ̀ gbàrà tí wọ́n bá gbé e kúrò lórí tábìlì. Owó ti lọ nígbà náà, ẹni tó tà á kò sì ní gbà á padà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwo

Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ̀ ń gbé síwájú oníbàárà kan ṣoṣo jọ: àwo òkèlè, abọ́ ọbẹ̀, ìgò omi, ṣíbí bó bá jẹ́ ìrẹsì. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti etí kan dé èkejì. Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwo òkèlè yín jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 23, abọ́ ọbẹ̀ 16, ìdí ìgò omi 75cl sì jẹ́ 7. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ní búkà nìyẹn.

Tíréè onígun mẹ́rin tó wà lọ́jà sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 10 × 14, 12 × 16 tàbí 14 × 18. Bí a bá sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà, ó sún mọ́ 25 × 35, 30 × 40 àti 35 × 45. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ènìyàn jẹ láìmọ̀ rèé: láti ìta etí dé ìta etí ni wọ́n ti wọn ìwọ̀n yẹn. Etí tíréè ń dagun wọlé, ó sì lè jẹ sẹ̀ǹtímítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tíréè 35 × 45 lè má ju 29 × 39 lọ ní ìsàlẹ̀ pẹrẹsẹ tí àwo máa jókòó sí.

Ẹ wá wò ó. Àwo 23 pẹ̀lú abọ́ 16, 39 géérégé nìyẹn. Bí ẹ bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á fún ara wọn mọ́lẹ̀, ìka kò ní ráyè wọ abẹ́ àwo láti gbé e. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé àwo sí igun òsì nísàlẹ̀, tí ẹ gbé abọ́ ọbẹ̀ sí igun ọ̀tún lókè, àyè bíi sẹ̀ǹtímítà 2 á wà láàárín wọn, ìgò omi á sì dúró ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀ láìfi ara kan nǹkan kan. Lórí tíréè 30 × 40, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ lè jẹ́ 24 × 34, àwo méjèèjì yìí kò lè gbà, bó ti wù kí ẹ tò wọ́n tó. Nítorí náà, ẹ gé páálí sí ìwọ̀n ìsàlẹ̀ tíréè tí ẹ ń rò, ẹ to àwo yín gan-an lé e lórí, ẹ sì mú páálí yẹn dání lọ sí ọjà. Èyí tí páálí náà kò bá lè tẹ́ sí nínú, ẹ kọjá lára ẹ̀.

Abọ́ ìṣanwọ́ ló sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́. Ó fẹ̀, omi inú ẹ̀ ń mì, òun ló sì ń kọ́kọ́ dà. Bí ẹ bá lè ṣe ẹ̀rọ omi tàbí garawa onífọ́sẹ́ẹ̀tì sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ kò ní nílò tíréè tó tún tóbi jù èyí lọ, ọwọ́ oníbàárà á sì mọ́ ju ti ẹni tó fi omi abọ́ ṣan án lọ.

Lẹ́yìn ìwọ̀n, ẹ wá ìtẹ̀wọ̀n. Ẹ gbé gbogbo ẹrù náà sórí òṣùwọ̀n. Àwo tó ń fọ́ lè tó gíráàmù 600, ẹ̀bà 450, abọ́ ọbẹ̀ 350, ọbẹ̀ àti ẹran 400, ìgò omi 780. Ó ti di kílò 2.6 láìka tíréè fúnra ẹ̀. Bí tíréè bá tún wúwo tó kílò kan, ọmọ tó ń gbé e ní ìgbà ọgọ́ta lọ́sàn-án kan á ti rẹ̀ kí aago méjì tó lù, ẹni tó ti rẹ̀ ló sì ń da ọbẹ̀ sí oníbàárà lára.

Ta ló ń gbé e, ọ̀nà wo ló ń gbà?

Ní búkà tí agbáwo ti ń gbé oúnjẹ wá, tíréè onígun mẹ́rin 35 × 45 ló yẹ, nítorí ọwọ́ méjèèjì ló máa fi gbé e. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà tó kéré jù láàárín ilé ìdáná àti ibi ìjókòó, àti àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn àga méjì nígbà tí ènìyàn bá jókòó. Bí àlàfo yẹn bá jẹ́ 60, tí tíréè jẹ́ 45, tí ìgbọ̀nwọ́ sì yọ síta ní ọ̀tún àti lósì, agbáwo á máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ kọ́kọ́ sún àga ná kí ẹ tó ronú tíréè ńlá.

Ní kantíìnì tí oníbàárà ti ń to lọ síwájú àwọn tó ń bu oúnjẹ, orí irin tàbí pẹpẹ ni tíréè ti ń sún. Ìdí ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó ní ẹsẹ̀ tàbí ìdí rọ́bà á máa há mọ́ irin, ìlà á sì dúró. Ẹ wọn ìbú pẹpẹ náà: tíréè kò gbọdọ̀ yọ jáde ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ.

Fún òde àríyá, tí agbáwo ń gbé ohun mímu kiri, tíréè róbótó tí ojú ẹ̀ jẹ́ rọ́bà ló dáa, íǹṣì 14 sí 16. Ohun tó wúwo á wà ní àárín, sún mọ́ àyà. Bó bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó mú ọ̀kan láti apá yìí, kó mú ọ̀kan láti apá kejì. Bó bá kó ti apá kan tán, apá kejì á yí dà lé àlejò lórí.

Ilé ìwé àti ilé iṣẹ́ tó ń bọ́ ènìyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń fẹ́ tíréè olójú mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kí wọ́n má baà fọ àwo púpọ̀. Ìrẹsì, ẹ̀wà, dòdò àti ẹyin bá a mu dáadáa. Òkèlè ni kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu, nítorí ọbẹ̀ nílò ojú tó jìn. Ẹ mú ìgò 50cl tó kún fún omi, ẹ dà á sí ojú tí ẹ fẹ́ fi gba ọbẹ̀. Ó yẹ kó gba ju ìdajì ìgò lọ, kí ó sì tún ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí ẹnu. Bí omi bá ti kún dé etí kí ìdajì tó wọlé, ọbẹ̀ ewédú á ṣàn lọ bá ìrẹsì ẹlòmíràn lórí tábìlì.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é

Ibí ni owó ti ń ṣòfò jù, nítorí ojú lásán kò lè dá ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀.

Nínú ike, polypropylene ló dára jù fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ da tíréè dé, ẹ wo ìdí ẹ̀: ẹ máa rí àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà nínú ẹ̀. Nọ́ńbà 5 ni tiẹ̀, wọ́n sì lè kọ PP sábẹ́ ẹ. Kì í yọ́ títí ooru á fi sún mọ́ 160°C, nítorí náà omi híhó kò lè yọ́ ọ. Bó bá já bọ́, ó máa ń tẹ̀ kó tó fọ́. Nọ́ńbà 6, tí í ṣe PS, ni kí ẹ yẹra fún. Ó le, ó ń dán, owó ẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n ó ń ya bó bá já bọ́, omi híhó sì ń mú un rọ̀. Èyí tí kò ní àmì kankan ní ìdí, tó sì ń rùn bíi rọ́bà jíjó bí ẹ bá gbé e sún mọ́ imú, ẹ fi sílẹ̀ sí ìsọ̀ ẹlẹ́ni.

Epo pupa ni ọ̀tá ike funfun. Àwọ̀ epo náà ń wọ inú ike lọ, ọṣẹ kò lè tọ̀ ọ́ débẹ̀. Oòrùn ló ń ṣí i: ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ sá a fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àbàwọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ẹ má sọ ọ́ di ojoojúmọ́ o, nítorí oòrùn yẹn kan náà ló ń mú ike gbẹ tí yóò fi máa sán. Ó sàn kí ẹ ra aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí aláwọ̀ eérú láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú dúdú, torí pé ó ń bo ìdọ̀tí mọ́ ẹni tó ń fọ̀ ọ́ lójú.

Mẹ́lámáìnì jọ àwo tó ń fọ́, ó rẹwà, kì í sì tètè fọ́. Méjì ló wà tí ojú lásán kò lè yà sọ́tọ̀. Ọ̀kan jẹ́ mẹ́lámáìnì pátápátá, àwọn oníṣòwò ń pè é ní A5. Èkejì, A1, púpọ̀ nínú ẹ̀ jẹ́ ohun mìíràn tó rẹlẹ̀, mẹ́lámáìnì kàn wà lójú ẹ̀ láti mú un dán. Ẹ béèrè A5. Bó bá sì délé, ẹ sè é nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 30. Èyí tí kì í ṣe ojúlówó á léfòó wuruwuru lára, ojú ẹ̀ á di hákahàka, òórùn tó ń ta imú á sì jáde. Kódà ojúlówó kò yẹ kí ó gba oúnjẹ tó gbóná kọjá 70°C tààrà, nítorí náà bí ẹ bá ń bu ọbẹ̀ tó ń hó, inú abọ́ ni kó wà, kí mẹ́lámáìnì máa gbé abọ́. Kò gbọdọ̀ wọ máíkírówéèfù. Kànìnkànìn onírin sì ni ikú ẹ̀: bó bá ti họ ọ́ lójú, àbàwọ́n tíì àti kọ́rì á wọ inú ìlà yẹn, kò ní jáde mọ́.

Irin tí kì í dípẹtà ló ń pẹ́ jù, bí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ òótọ́. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ya oríṣi irin yìí sọ́tọ̀. Èyí tí ẹ ń wá ni 304, tí wọ́n tún ń kọ sí ìdí ẹ̀ ní 18/8. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú òòfà dání lọ sí ọjà, wọ́n ní bí òòfà kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ojúlówó ni. Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Òòfà ń lẹ̀ mọ́ oríṣi 430, kì í sì í sábà lẹ̀ mọ́ 304, ṣùgbọ́n kì í sábà lẹ̀ mọ́ 201 náà, bẹ́ẹ̀ 201 máa ń dípẹtà bó bá ti ń bá iyọ̀ àti ata gbé. Ọ̀nà tó dájú ju òòfà lọ ni kí ẹ ra ẹyọ kan, kí ẹ fi iyọ̀ tútù pa á lójú, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Bí ẹ bá rí ààmì pupa tó-tò-tó, ẹ wá ibòmíràn. Ẹ tún fi ìka tọ etí ẹ̀ yípo. Wọ́n sábà máa ń ká etí irin wọ abẹ́ kó má baà ge ọwọ́. Bí wọn kò bá dí ìkáwọlé yẹn pa, omi ọbẹ̀ á máa wọ inú ẹ̀, á máa rùn, aáyán á sì sọ ọ́ di ilé. Ẹ rì í sínú omi, ẹ gbé e jáde, ẹ nu ojú ẹ̀, ẹ wá gbọ̀n ọ́n: bí omi bá ṣì ń kán láti etí, kò dáa.

Alumíníọ̀mù fúyẹ́, kò wọ́n, ó dáa fún gbígbé ìgò àti búrẹ́dì. Ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ ata, tòmátì tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ kàn án tààrà, nítorí ohun kíkan ń jẹ ẹ́, ojú ẹ̀ á sì di oníhò wẹ́wẹ́. Tíréè onítánganran tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe òde, irin ni wọ́n fi nǹkan bíi gíláàsì bò. Ó lẹ́wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti hó, irin inú á dípẹtà, èérún tó hó sì lè bọ́ sínú oúnjẹ. Ẹyọ kan tó bá hó níbi tí oúnjẹ ń wà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ti pákó, ẹ fi sí orí tábìlì fún ẹwà. Epo ń wọ inú igi, kò sì ṣeé fọ̀ mọ́.

Ẹ ra ẹyọ méjì, ẹ fìyà jẹ wọ́n

Kí ẹ tó san owó dọ́sìnnì, ẹ ra ẹyọ méjì délé. Ẹ to ìgò omi 75cl mẹ́rin sí àárín ọ̀kan, kílò 3 nìyẹn, ẹ fi ọwọ́ di orí méjèèjì mú, ẹ gbé e sókè. Kí ẹlòmíràn fi rúlà gígùn lélẹ̀ lókè ẹ̀ láti etí dé etí, kó wo bí àárín ṣe lọ sílẹ̀ tó. Bó bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kò lágbára tó. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n, ìgò á ṣubú.

Ẹ tẹ̀lé e pẹ̀lú ìdánwò yíyọ̀. Ẹ ta ṣíbí omi mẹ́ta sójú tíréè, ẹ gbé ife tó kún lé e, ẹ wá gbé orí kan sókè díẹ̀díẹ̀. Lórí tíréè tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45, ife kò gbọdọ̀ yọ̀ títí orí yẹn á fi ga tó 8. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ewédú dípò omi, nítorí ewédú ló ń dán tíréè wò jù lọ. Ojú tó ní ìlà tàbí kókó wẹ́wẹ́ ń di abọ́ mú dáadáa, ṣùgbọ́n epo ń há sáàárín kókó náà, búrọ́ọ̀ṣì lẹ máa fi fọ̀ ọ́.

Ẹ da omi híhó sínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ dà á nù, kí ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́. Bó bá ń mì lọ mì bọ̀, ooru ti ká a. Ẹ fi epo pupa pa ìdajì ojú ẹ̀ sùn, ẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀, ẹ fi ìdajì méjèèjì wéra. Ẹ jẹ́ kó já bọ́ láti ìbàdí sórí sìmẹ́ńtì. Ní ìparí, ẹ to méjèèjì léra wọn nígbà tí omi ṣì wà lára wọn, kí ẹ gbé ti òkè. Bí wọ́n bá lẹ̀ pọ̀ tí ẹ fi ní láti já wọn, tíréè náà kò ní kókó ìdúró léraléra ní abẹ́ etí, atẹ́gùn kò sì ní wọ àárín wọn. Wọ́n á máa bu, wọ́n á sì máa rùn.

Iye tó yẹ kí ẹ rà

Iye àga kọ́ ni ẹ fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn ṣe ń wọlé tó ní wákàtí tó gbóná jù, àti ìṣẹ́jú tí tíréè kan ń lò kó tó padà sí ẹnu iṣẹ́, ni ẹ ń fi ṣírò. Bí ènìyàn 80 bá wọlé láàárín aago kan sí méjì ọ̀sán, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹun fún ìṣẹ́jú 25, tí kíkó, fífọ̀ àti gbígbẹ sì ń gba 15, tíréè kan á fi ìṣẹ́jú 40 rin ìrìn àjò rẹ̀. Ẹ sọ 80 di ìlọ́po 40, ẹ pín in sí 60: ó lé ní 53. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún kún un fún èyí tó fọ́ àti èyí tí wọ́n gbàgbé sí abẹ́ tábìlì, ó di 64. Lásìkò òjò, gbígbẹ lè gba ìlọ́po méjì, nítorí náà òjò ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ má fi ẹ̀rùn ṣe é.

Fún owó, ẹ pín in sí oṣù. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ₦1,500, tó sì fọ́ lóṣù mẹ́rin, ₦375 ló ń ná yín lóṣù. Bí èkejì bá jẹ́ ₦4,000 tó sì lo ọdún méjì, kò tó ₦170.

Fífọ̀

Bàsíà mẹ́ta tó tíréè í gbà. Ẹ kọ́kọ́ họ oúnjẹ tó kù dà nù. Bàsíà kìíní, omi gbígbóná tí ọwọ́ lè gbà pẹ̀lú ọṣẹ. Ìkejì, omi mímọ́ láti ṣan ọṣẹ kúrò. Ìkẹta, omi tó ní bílíìṣì. Bí ara ìgò bílíìṣì bá kọ 3.5%, mìlílítà 30, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ méjì, ló tó lítà omi 10. Kí tíréè wà nínú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán. Bó bá pẹ́ jù, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ní ihò, mẹ́lámáìnì á ṣá. Ẹ má po bílíìṣì pọ̀ mọ́ ọtí kíkan tàbí ọṣẹ ìfọ-ṣáláńgá, èéfín tó ń jáde lára ẹ̀ léwu. Bí epo bá ti ń léfòó lójú omi kìíní, ẹ dà á nù.

Àkísà kò gbọdọ̀ kan tíréè lẹ́yìn èyí. Àkísà kan tí wọ́n fi nu ogójì tíréè ń gbé ìdọ̀tí ti àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn. Ẹ gbé wọn dúró lórí pẹpẹ onírin, etí sókè, kí omi kán, kí atẹ́gùn gbẹ wọ́n.

Ẹ fi kálámù tí kì í parẹ́ kọ oṣù àti ọdún tí ẹ ra tíréè kọ̀ọ̀kan sí ìdí ẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹnì kan gbé wọn síwájú iná lọ́kọ̀ọ̀kan. Ike tó ti sán, mẹ́lámáìnì tó ti họ débi tí ìka lè mọ ìlà náà lára, irin tó ti dípẹtà ní igun, ẹ kó wọn jáde. Ike tó sán ṣì lè gbé ewé àti àlùbọ́sà tí a kò tíì bó nínú ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ẹ gé igun ẹ̀ kan kúrò kí agbáwo má baà ṣèṣì gbé e jáde. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ rọ́pò wọn, ẹ mú ẹyọ kan nínú ti àtijọ́ dání, kí ẹ to tuntun lé e lórí ní ìsọ̀: ìwọ̀n kan náà láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ méjì kì í sábà dúró léra wọn.